i, k àti a: Ìgbà Wo Ni Csound Ń Ka Ìlà Tí Ẹ Kọ?

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà dá ìró sílẹ̀ kì í pẹ́ kó tó kan ìṣòro yìí: ó kọ kóòdù tó dá a lójú, kọ̀ǹpútà kò sọ pé àṣìṣe wà níbẹ̀, síbẹ̀ ohun tó jáde láti inú sípíkà kì í ṣe ohun tó ní lọ́kàn. Ìró tó yẹ kó máa yí padà dúró sójú kan. Èyí tó yẹ kó rọra gòkè ń fò bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn. Èyí tó yẹ kó máa rọlẹ̀ ń pariwo sí i. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìṣirò ẹni náà kò ní àléébù. Àkókò ló ṣì í lọ́nà: kò mọ ìgbà tí kọ̀ǹpútà ń ka ìlà kọ̀ọ̀kan, kò sì mọ iye ìgbà tó ń kà á.

Csound la ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Barry Vercoe ló kọ ọ́ ní MIT ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1985. Ó gbé e ka orí Music 11 tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ ṣáájú, ìyẹn náà sì wá láti ìdílé àwọn ètò MUSIC tí Max Mathews bẹ̀rẹ̀ ní Bell Labs ní ọdún 1957. Ọ̀fẹ́ ni Csound, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. Ìdí tí a fi mú un ni pé kì í fi ọ̀rọ̀ àkókò pamọ́: lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ fáríábù ló ń sọ ọ́.

Ìpele mẹ́ta

Fáríábù kò ju àpò kan lọ, tí a kọ orúkọ sí lára, tí a sì ń kó ìye sínú rẹ̀. Bí orúkọ àpò náà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú i, ẹ̀ẹ̀kan péré ni Csound ń kó ìye sí i, nígbà tí nóòtù bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú k, ìye inú rẹ̀ a máa di ọ̀tun léraléra títí nóòtù yóò fi parí. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú a, ìró gan-an ló wà nínú rẹ̀, sáńpù kan tẹ̀ lé òmíràn.

Ẹ wo onílù dùndún. Kó tó jáde nílé ni wọ́n ti gbẹ́ igi ìlù, tí wọ́n ti fi awọ bò ó, tí wọ́n sì ti ta okùn rẹ̀. Kò sí èyí tó lè yí padà láàárín eré. Ìyẹn ni i. Bó ti ń lù, ọwọ́ rẹ̀ ń fún okùn, ó ń dẹ̀ ẹ́, ohùn ìlù sì ń lọ sókè sódò. Ìyẹn ni k. Awọ fúnra rẹ̀ ń gbọ̀n ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbọ̀n yẹn ló sì ń di ohun tí etí ń gbọ́. Ìyẹn ni a. Ọwọ́ onílù kò ní láti yára tó awọ. Ó kàn gbọ́dọ̀ yára tó ọ̀rọ̀ tí ìlù fẹ́ sọ.

Iye ìgbà mélòó?

Ìlà méjì lókè fáìlì ló ń pinnu rẹ̀:

sr = 44100
ksmps = 32

Èyí àkọ́kọ́ túmọ̀ sí pé sáńpù 44100 ni a óò ṣe fún ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Èkejì sọ pé kí Csound máa ṣe sáńpù náà ní ìdì-ìdì, 32 nínú ìdì kan. Ìdì kan ni ìyípo kan. Bí a bá pín 44100 sí ọ̀nà 32, a óò rí 1378.125: iye ìgbà tí àpò k ń gba ìye tuntun nìyẹn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ kò bá kọ ksmps rárá, 10 ni Csound 6 yóò lò, ìyẹn ìgbà 4410.

Nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan, Csound ń ka ohun-èlò yín láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìlà k á fún un ní ìye kan. Ìlà a á fún un ní sáńpù 32 pọ̀. Ìdí nìyí tí k fi dín iṣẹ́ kù: kò sí ìdí láti ṣírò ìgbà 44100 fún ohun tí kì í yára yí padà.

Init kì í ṣe =

Ṣáájú ìyípo àkọ́kọ́, Csound kọ́kọ́ ń ka gbogbo ohun-èlò náà lẹ́ẹ̀kan láti fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Kò sí ìró kankan nígbà náà. Ìgbà yẹn ni gbogbo àpò i ń gba ìye wọn, ìgbà yẹn náà sì ni init ń ṣiṣẹ́. Ẹ wo èyí, pẹ̀lú ksmps = 441, tó túmọ̀ sí ìyípo 100 ní ìṣẹ́jú àáyá:

instr 1
kIye init 0
kIye = kIye + 1
printk 0.5, kIye
endin

Bí nóòtù náà bá gba ìṣẹ́jú àáyá méjì, kIye yóò ka títí dé 200. Ẹ wá yọ "kIye init 0" kúrò, kí ẹ fi "kIye = 0" rọ́pò rẹ̀. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni méjèèjì: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ṣùgbọ́n àmì = ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìyípo. Ìyípo dé, ó sọ ọ́ di òdo. Ìlà kejì fi ọ̀kan kún un. Ìyípo mìíràn dé, ó tún dá a padà sí òdo. Títí ilẹ̀ á fi ṣú, 1 ni ẹ óò máa rí. Bí ẹ bá sì yọ ìlà init náà pátápátá láìfi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀, Csound 6 yóò kọ̀ jálẹ̀: yóò ní ẹ lo àpò kan kí ẹ tó fún un ní ìye. Kò lè fi ọ̀kan kún ohun tí kò tíì sí.

Ìpìlẹ̀ yìí náà ló fà á tí i(kFreq) fi máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Ó ń bèèrè ohun tó wà nínú kFreq nígbà ìpìlẹ̀. Ìye tí ìyípo yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣírò kò tíì dé ibẹ̀.

Lẹ́tà kan péré

Ẹ fi ìlà méjì yìí wé ara wọn:

iFreq random 200, 400
kFreq random 200, 400

Èyí àkọ́kọ́ ń ṣa nọ́ńbà kan fún nóòtù kan, nóòtù náà á sì dúró lórí rẹ̀. Èkejì ń ṣa òmíràn ní gbogbo ìyípo, ohùn náà á sì máa gbọ̀n jìnnìjìnnì. Bákan náà ni pẹ̀lú bọ́tìnì ojú kọ̀ǹpútà: bí ẹ bá fi iVol gba ìye rẹ̀ pẹ̀lú chnget, ẹ lè fà á sókè sódò títí, nóòtù tó ti bẹ̀rẹ̀ kò ní mọ̀. kVol ni yóò gbọ́.

Nígbà tí ìyípo bá gùn jù

Fún àwa tí a ń sọ Yorùbá, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dé ojú rẹ̀. Nínú èdè wa, ohùn òkè tó bá tẹ̀ lé ohùn ìsàlẹ̀ kì í bẹ́ lójijì. Ó máa ń yọ́ ròkè, bí a ṣe ń gbọ́ ọ nínú "ọ̀rẹ́". Ohùn ìsàlẹ̀ tó bá tẹ̀ lé ohùn òkè a máa yọ́ rodò, bíi ti "rárà". Dùndún náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ká ní a fẹ́ fi Csound sọ "ọ̀rẹ́":

kFreq linseg 120, 0.1, 120, 0.15, 220, 1, 220
aIro poscil 0.3, kFreq

Ìyọ́ròkè náà gba 0.15 ìṣẹ́jú àáyá. Bí ksmps bá jẹ́ 32, ìye tó ju 200 lọ ni kFreq yóò gbà láàárín 120 Hz sí 220 Hz, etí yóò sì gbọ́ ọ pé ó ń yọ́. Bí ksmps bá jẹ́ 4410, ìyípo mẹ́wàá péré ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyọ́ròkè yẹn kò ní rí ju ìye kan tàbí méjì lọ. Kì í ṣe ìyọ́ mọ́, ó ti di fífò. Ìlù á ti fọhùn, ṣùgbọ́n kò ní sọ ọ̀rọ̀ náà bí ọmọ Yorùbá ṣe ń sọ ọ́.

Ní ti agbára ìró, àléébù náà máa ń hàn kíá. Bí ẹ bá fi k gbé ìró láti òdo dé òkè nígbà tí ìyípo gùn, ẹ óò gbọ́ ariwo tíntìntín tó ń ta pàràpàrà níbi tí ìye ti ń fò. Oògùn rẹ̀ mẹ́ta ni: ẹ dín ksmps kù; ẹ lo aEnv dípò kEnv fún linseg náà; tàbí kí ẹ fi interp sọ k di a, kó lè kún àlàfo tó wà láàárín ìye méjì.

Àpò tí gbogbo ohun-èlò jọ ń lò

Bí g bá ṣáájú orúkọ, àpò gbogbogbò nìyẹn. A sábà máa ń lò ó láti kó ìró oríṣiríṣi ohun-èlò jọ síbi tí a óò ti fi ìró àtúngbọ́ kún un:

gaRev init 0
instr 1
aIro poscil 0.3, 220
gaRev = gaRev + aIro * 0.3
endin
instr 99
aL, aR reverbsc gaRev, gaRev, 0.8, 8000
outs aL, aR
clear gaRev
endin

Nọ́ńbà kékeré ni Csound máa ń kọ́kọ́ ṣe nínú ìyípo, ìdí nìyí tí ohun-èlò tó ń gba ìró fi ní nọ́ńbà ńlá. Ṣùgbọ́n ìlà tó ṣe pàtàkì jù ni clear. Láìsí i, ohun tó wà nínú àpò láti ìyípo tó kọjá ṣì wà níbẹ̀, tuntun á sì máa gorí rẹ̀, ní ìgbà tó ju ẹgbẹ̀rún lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kíá ni ìró náà yóò kọjá ààlà. Bí ẹrọ ìgbọ́hùn bá wà létí yín, ó lè pa etí lára. Nítorí náà, ẹ yí ohùn sílẹ̀ kí ẹ tó dán irú kóòdù yìí wò.

Kì í ṣe Csound nìkan

Ẹni tó bá lọ sí SuperCollider yóò bá .ir, .kr àti .ar pàdé níbẹ̀, pẹ̀lú ìdì tó jẹ́ sáńpù 64 bí a kò bá yí i padà. Ìdì 64 náà ni Pure Data ń lò. Orúkọ yàtọ̀, ìwà kan náà ni.

Nítorí náà, bí ìró bá ń ṣe ohun tí ẹ kò rán an, ẹ má tíì fọwọ́ kan ìṣirò. Ẹ kọ́kọ́ dúró lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Ṣé ẹ̀ẹ̀kan ló yẹ kó ṣẹlẹ̀, àbí léraléra? Bó bá jẹ́ léraléra, kí ló wà nínú àpò náà kí ìyípo àkọ́kọ́ tó dé? Bí ìyípo bá sì parí, ta ló ń kó àpò náà dànù? Ìlà tí kò bá lè dáhùn ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe.