Kọ̀ǹpútà yín kọ ohun tuntun tí ẹ so mọ́ ọn? Ẹ má tíì gbà kí wọ́n fọ́máàtì rẹ̀

Ẹ ra kámẹ́rà tuntun fún kọ̀ǹpútà sọ́ọ̀bù yín. Ẹ so ó mọ́ ọn, kò ṣiṣẹ́. Ibi tí ẹ ti ń wá ojútùú sí ìyẹn lọ́wọ́ ni printer tó ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ náà tún ti dákẹ́. Oníbàárà ti tò sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ pe ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ó wò ó fìrí, ó ní: "Fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀ ọ́. A máa fọ́máàtì rẹ̀ ni."

Kí ẹ tó gbà, ẹ dúró ná. Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí wọ́n bá fọ́máàtì kọ̀ǹpútà láìkọ́kọ́ kó àwọn fáìlì yín pamọ́ síbòmíràn, iṣẹ́ oníbàárà, àwòrán àti àkọsílẹ̀ owó lè bá a lọ. Tó bá sì jẹ́ pé ìjà ló wà láàárín àwọn ohun èlò tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà, fọ́máàtì lè má parí ìjà ọ̀hún. Ẹ ó sanwó, ẹ ó pàdánù fáìlì, kámẹ́rà á sì tún kọ̀.

Irú ìjà wo wá nìyí? Kí ni kí ẹ wò kí ẹ tó sanwó?

Kí ni wọ́n ń jà lé lórí?

Ẹ jẹ́ ká fi onílé kan ṣe àpẹẹrẹ. Processor, tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, dà bí onílé tó jókòó sínú yàrá tó ń ṣiṣẹ́. Kíbọ́ọ̀dù, mouse, dísíìkì àti káàdì tó ń gbé ohùn jáde, gbogbo wọn ló ní ohun tí wọ́n fẹ́ bá a sọ. Onílé ò lè máa sáré jáde wo ẹnu ọ̀nà ní gbogbo ìgbà. Nítorí náà, wọ́n ṣe agogo fún àwọn àlejò rẹ̀. Bí agogo ti kíbọ́ọ̀dù bá dún, ó mọ̀ pé ẹnì kan ti tẹ lẹ́tà nìyẹn. Agogo yìí ni àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní IRQ.

Agogo nìkan kọ́. Ohun èlò kọ̀ọ̀kan tún nílò àdírẹ́sì tí wọ́n á ti máa bá a sọ̀rọ̀. Àwọn kan tún nílò ọ̀nà tí wọ́n á fi máa gbé ẹrù lọ sínú memory láìyọ onílé lẹ́nu. Ọ̀nà yẹn ni wọ́n ń pè ní DMA.

Bí ohun èlò méjì bá wá di agogo kan ṣoṣo mú, tí kò sì sí ètò bí wọ́n ṣe máa pín in lò, onílé ò ní mọ ẹni tó ń pè é. Ó lè dá ẹnì kan lóhùn, kó gbàgbé èkejì. Ó sì lè dákú pátápátá.

Níbo ló ti bẹ̀rẹ̀?

Nígbà tí IBM gbé kọ̀ǹpútà PC jáde ní 1981, agogo 8 péré ló wà nínú rẹ̀. Ní 1984, wọ́n gbé PC AT jáde, wọ́n sì fi 8 mìíràn kún un, ó di 16, láti orí nọ́ńbà 0 dé 15. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà 2 ni wọ́n fi so ẹgbẹ́ kejì mọ́ ẹgbẹ́ àkọ́kọ́, nítorí náà 15 ló kù.

Àwọn kan ti gba púpọ̀ nínú 15 yẹn kí ẹ tó ra ohunkóhun. Nọ́ńbà 0 jẹ́ ti aago inú kọ̀ǹpútà, 1 jẹ́ ti kíbọ́ọ̀dù, 6 ti dísíìkì flọ́pì, 8 ti aago tó ń rántí ọjọ́, 14 ti dísíìkì ńlá. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù ni printer, modem, káàdì ohùn àti gbogbo nǹkan tuntun ń dù mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Ìjà tó gbajúmọ̀ jù láyé ìgbà yẹn ni ti mouse àti modem. Ojú ihò COM1 àti COM3 jọ ń lo agogo 4, COM2 àti COM4 sì jọ ń lo agogo 3. Ẹni tó bá so mouse mọ́ COM1, tó fi modem sí COM3, á rí i pé bí modem bá ti ń pe íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, mouse á gan. Mouse ò bàjẹ́ o, modem náà ò bàjẹ́. Tí wọ́n bá gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, á ṣiṣẹ́ dáadáa. Ohun tó ń mú kí orí gbóná gan-an nìyẹn: kò sí ẹni tó jẹ̀bi, síbẹ̀ iṣẹ́ ò lọ.

Ọ̀nà àtúnṣe ni pé kí ẹ tú ara kọ̀ǹpútà, kí ẹ wá irin kékeré kan tí wọ́n ń pè ní jumper lórí káàdì náà, kí ẹ yọ ọ́ kúrò níbi tó wà, kí ẹ fi í sí ibòmíràn, kí ẹ tún un dé, kí ẹ tan án, kí ẹ wá wò ó bóyá ìjà ti parí tàbí ó ti kó lọ bá ẹlòmíràn. Àwọn tó ń gbá géèmù DOS tún gbọ́dọ̀ mọ nọ́ńbà káàdì ohùn wọn sórí: àdírẹ́sì 220, IRQ 5, DMA 1. Bí nọ́ńbà kan bá ṣì, géèmù á dákẹ́ tàbí kó gan.

Ìlérí Windows 95

Nígbà tí Microsoft gbé Windows 95 jáde ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún 1995, wọ́n ṣèlérí ohun tí wọ́n pè ní Plug and Play: ẹ so ó mọ́ ọn, á ṣiṣẹ́. Windows fúnra rẹ̀ ló máa pín agogo àti àdírẹ́sì fún oníkálukú.

Ìlérí náà dáa, ṣùgbọ́n ó gba kí ènìyàn mẹ́ta fẹnu kò: Windows, BIOS tó wà lórí bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà, àti ohun èlò náà fúnra rẹ̀. Káàdì àtijọ́ tó ń lo jumper kì í gbọ́rọ̀ sí Windows lẹ́nu. Ibi tí wọ́n bá fi í sí ló máa jókòó sí. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi yí orúkọ náà padà sí Plug and Pray: ẹ so ó mọ́ ọn, kí ẹ máa gbàdúrà.

Kódà, àwọn tó ni Windows náà rí i. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1998, ní ìpàtẹ COMDEX ní Chicago, Bill Gates àti Chris Capossela ń fi Windows 98 han àwọn èèyàn. Wọ́n so scanner mọ́ kọ̀ǹpútà náà, ni ojú rẹ̀ bá yí padà di búlúù, ó kú lójú gbogbo ayé, àwọn èèyàn sì bú sẹ́rìn-ín.

Ṣé ìjà náà ti wá parí?

Ó ti dín kù gan-an. Wọ́n ṣe àwọn káàdì PCI lọ́nà tí wọ́n fi lè pín agogo kan lò. Ní ti USB, ọ̀gá kan ṣoṣo ló ń bá processor sọ̀rọ̀ lórúkọ gbogbo ohun tí ẹ bá so mọ́ ọn. Àwọn káàdì PCI Express ìsinsìnyí kì í tẹ agogo mọ́, iṣẹ́ ni wọ́n ń rán.

Ṣùgbọ́n ìjà ò tán pátápátá, pàápàá lórí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí ọ̀pọ̀ wa ń lò. Ẹ lè bá a pàdé lọ́nà mẹ́ta.

Àkọ́kọ́ ni memory 4GB tí kò pé. Ẹni tó tà á fún yín ní 4GB ni, Windows ní 3 àti díẹ̀ péré ló ṣeé lò. Ó ṣeé ṣe kí ẹni náà má rẹ́ yín jẹ. Bó bá jẹ́ Windows oní-32-bit, àdírẹ́sì tó ní ò kọjá 4GB, káàdì tó ń gbé àwòrán jáde àti àwọn yòókù sì gbọ́dọ̀ gbà nínú rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà náà bá lè gba Windows oní-64-bit, ìyẹn sábà máa ń yanjú rẹ̀.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ tí Windows máa ń kọ síta pé "Not enough USB controller resources". Ohun tó ń sọ ni pé àwọn tí ẹ so mọ́ USB ti pọ̀ ju ohun tí ọ̀gá wọn lè bójú tó. Ẹ yọ èyí tí ẹ ò lò, tàbí kí ẹ gbé ọ̀kan lọ sí ojú ihò mìíràn.

Ẹ̀kẹta ni Code 12. Ẹ lè rí i bí ẹ bá fi káàdì àwòrán kún kọ̀ǹpútà, tí kò wá rí àyè tó tó o.

Bí ẹ ṣe lè wò ó fúnra yín

Lórí Windows 10 tàbí 11, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún mouse tẹ Start, kí ẹ mú Device Manager. Ẹ wo ibi tí àmì ìyanu bá wà nínú onígun mẹ́ta aláwọ̀ yẹ́lò. Ẹ tẹ ohun náà lẹ́ẹ̀méjì, ẹ ó rí nọ́ńbà Code níbi tí wọ́n kọ Device status sí.

Code 12: kò rí àyè tàbí àdírẹ́sì tó tó, ìjà tí à ń sọ nìyẹn.
Code 28: wọn ò tíì fi driver rẹ̀ sí i.
Code 22: ẹnì kan ló pa á.
Code 10: kò lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ wo driver rẹ̀.
Code 43: ohun èlò náà fúnra rẹ̀ ló sọ pé nǹkan ń ṣe òun.

Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó túmọ̀ sí fáírọ́ọ̀sì.

Àwọn mìíràn máa ń ṣí msinfo32, wọ́n á rí ibi tí wọ́n kọ Conflicts/Sharing sí, àyà wọn á já. Ẹ má bẹ̀rù. Púpọ̀ nínú ohun tó wà níbẹ̀ kàn ń pín nǹkan lò ní ìrọ̀rùn ni. Tí gbogbo wọn bá ń ṣiṣẹ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ Code 12, ẹ pa ohun èlò mìíràn tí ẹ mọ̀ dájú pé ẹ ò lò nínú Device Manager, kí ẹ tún kọ̀ǹpútà tan. Èyí tí ẹ ò bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Tó bá jẹ́ káàdì àwòrán, ẹ wò ó bóyá ibi tí wọ́n kọ Above 4G Decoding sí wà nínú BIOS, kí ẹ ṣí i. Wọ́n tún lè ní kí ẹ fi BIOS tuntun sí i. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ tí iná ń ṣe ségesège o, torí tí iná bá lọ lágbede méjì, kọ̀ǹpútà náà lè má tàn mọ́.

Bí gbogbo èyí bá le jù, ọ̀nà kan wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ yọ gbogbo ohun tí ẹ so mọ́ ọn, ó ku kíbọ́ọ̀dù àti mouse. Ẹ tan án. Ẹ wá máa dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ bá dá padà tí wàhálà fi bẹ̀rẹ̀, òun àti ẹni tó bá níbẹ̀ ni kí ẹ tú ọ̀rọ̀ wọn wò.

Lẹ́yìn náà, bí ẹ bá ṣì fẹ́ pe ẹni tó ń tún un ṣe, ẹ kó fáìlì yín pamọ́, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè kan kó tó fọwọ́ kan nǹkan: "Code mélòó lẹ rí níbẹ̀?" Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á fi hàn yín. Ẹni tó bá ní kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, fọ́máàtì ṣá, ẹ gbé kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ wá ẹlòmíràn.