Ta Ni Yóò Gba Ọmọ Òrukàn Tọ́? Ohun Tí Ìjà systemd Dá Lé Lórí

Ìkéde tí àwọn tó ń ṣe systemd ṣe, pé àwọn yóò yọwọ́ kúrò nínú àwọn ìwé àṣẹ SysV àtijọ́, ti tún ru ìjà kan sókè tó ti lé lọ́dún mẹ́wàá láàárín àwọn tó ń lo Linux. Àsìkò tó bọ́ sí ló jẹ́ kó kan wa ní Alímọ̀ṣọ́. Láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 tí Microsoft ti fi òpin sí ìtọ́jú tó ń ṣe fún Windows 10, ọ̀pọ̀ láptọ̀ọ̀pù tòkunbọ̀ tí a ń lò láti Ìkòtún títí dé Ìgàndó ni kò lè gba Windows 11, torí pé ẹ̀yà ààbò TPM 2.0 tí ìyẹn ń béèrè kò sí lára wọn. Linux ni àbáyọ tí kò gba owó. Ẹni tó bá sì béèrè irú Linux tí òun yóò lò, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ ìbéèrè kejì: èyí tó ní systemd ni àbí èyí tí kò ní?

Àlàyé tí wọ́n sábà máa ń ṣe fún un ni pé ọ̀rọ̀ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń tètè tan ni. Mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣì í lọ́nà. Ìyára wà nínú ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ kì í ṣe torí rẹ̀ ni àwọn àgbà onímọ̀ fi bú ara wọn, tí àwọn kan sì kọ̀wé fi ipò sílẹ̀.

Tí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà Linux, kernel, tó jẹ́ ọkàn Linux, ló kọ́kọ́ ń jí. Yóò dá mẹ́mọ̀rì àti díìsìkì mọ̀, lẹ́yìn náà yóò gbé ètò kan ṣoṣo dìde, yóò sì fún un ní nọ́ńbà 1. Òun ni wọ́n ń pè ní PID 1; ipò yìí ni SysV àtijọ́ àti systemd ń dù. Ètò yìí ló ń jí gbogbo ètò yòókù: èyí tó ń wá Wi-Fi, èyí tó ń bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sọ̀rọ̀, èyí tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà. Bí PID 1 bá kú, kernel pàápàá yóò dákú, gbogbo rẹ̀ yóò sì dúró gbagidi. Fóònù Android tó wà lọ́wọ́ yín ní tirẹ̀ náà. Google ló kọ ìyẹn, kì í ṣe systemd, ṣùgbọ́n nọ́ńbà 1 ni òun náà ń jẹ́.

PID 1 ní iṣẹ́ mìíràn tí a kì í sábà mẹ́nu bà. Lórí Linux, ètò ló ń bí ètò. Bí òbí bá kú tí ọmọ sì wà láàyè, ọmọ náà di ọmọ òrukàn, PID 1 ni kernel sì sábà máa ń fà á lé lọ́wọ́. Ọjọ́ tí ọmọ òrukàn náà bá kú, PID 1 ni yóò pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú àkọsílẹ̀ kernel. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó ń kọ ètò tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, bíi dátábéèsì tàbí èyí tó ń pín ímeèlì, máa ń mọ̀ọ́mọ̀ lo àṣà yìí. Ètò náà yóò bímọ, ọmọ yóò bí ọmọ mìíràn, àwọn tó ṣáájú yóò kú, kí èyí tó gbẹ̀yìn lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó pè é, kó máa bá iṣẹ́ lọ lábẹ́ PID 1.

Ìṣòro SysV, tó ṣẹ̀ wá láti ara Unix System V tí AT&T gbé jáde ní 1983, ni pé ó ń gba ọmọ òrukàn wọlé láìmọ ilé tó ti wá. Torí náà, ètò kọ̀ọ̀kan ní láti kọ nọ́ńbà ara rẹ̀ sínú fáìlì kékeré kan, kí ẹni tó bá fẹ́ dá a dúró lè mọ ibi tí yóò ti wá a. Ẹ wá wo irú àdúgbò tiwa, níbi tí iná kì í dágbére kó tó lọ. Iná lọ lójijì, ètò kò ráyè pa fáìlì rẹ̀ rẹ́. Tó bá jẹ́ pé inú fódà ara rẹ̀ ló kọ ọ́ sí, nọ́ńbà àná ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá gbé kọ̀ǹpútà dìde, ètò mìíràn sì lè ti gba nọ́ńbà náà. Ìwé àṣẹ tí wọn kò fara balẹ̀ kọ yóò wò ó, yóò gbà pé ètò náà ti ń ṣiṣẹ́, yóò sì kọjá lọ. Sáfà ilé-ìwé yóò tàn, gbogbo iná ara rẹ̀ yóò máa ṣẹ́jú, àmọ́ èsì ìdánwò kò ní ṣí.

systemd, tí Lennart Poettering ti Red Hat gbé síta pẹ̀lú Kay Sievers ní oṣù kẹrin ọdún 2010, gba ibòmíràn wọ ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n lo cgroup, ohun kan tí àwọn ẹnjiníà Google bẹ̀rẹ̀, tó sì wọ inú kernel ní 2008. Ètò tí wọ́n bá gbé dìde nínú cgroup kan ń gbé orúkọ rẹ̀ kiri bí ọmọ ṣe ń jẹ́ orúkọ ìdílé. Bó bímọ mẹ́wàá, bí òbí rẹ̀ kú, bó sá kúrò lábẹ́ ẹni tó pè é, systemd mọ ibi tó ti wá. Bí ẹni tó gbẹ̀yìn nínú ìdílé náà bá kú lójijì, systemd mọ̀ lójú ẹsẹ̀, yóò sì tún un gbé dìde bí wọ́n bá ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé rẹ̀. Kò nílò fáìlì àná.

Ẹni tó mọ gbogbo ìdílé kò ní pẹ́ tí iṣẹ́ yóò fi pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀, ìwọlé àwọn aṣàmúlò, nẹ́tíwọ́ọ̀kì, gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sábẹ́ systemd. Àwọn alátakò sábà máa ń sọ pé inú PID 1 ni gbogbo rẹ̀ wà. Kò rí bẹ́ẹ̀, ètò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe kan náà ló ń tọ́jú wọn, àwọn mìíràn sì ń gbára lé e. Ní 2025, àwọn tó ń ṣe GNOME, ojú iṣẹ́ (desktop) kan fún Linux, kéde pé àwọn yóò túbọ̀ fara ti systemd.

Debian, ọ̀kan nínú àwọn irú Linux, ni ìjà náà ti gbóná jù. Ara rẹ̀ ni Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ti gbé Ubuntu jáde ní 2004, Ubuntu sì ní ètò tirẹ̀ láti 2006, Upstart, tí Scott James Remnant kọ. Èwo ni Debian yóò mú? Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́jọ jókòó lé e, ìbò sì pín sí mẹ́rin-mẹ́rin. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 2014, alága wọn, Bdale Garbee, fi ìbò alága gbé systemd wọlé. Lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn náà, Shuttleworth gbà pé Ubuntu yóò tẹ̀ lé wọn. Kò parí síbẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, Poettering kọ ọ́ síta pé àwọn kan tilẹ̀ ń dáwó jọ láti fi gba ẹni tí yóò pa òun. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Joey Hess fi Debian sílẹ̀, Ian Jackson, Russ Allbery àti Colin Watson fi ìgbìmọ̀ sílẹ̀, àwọn kan sì ya kúrò láti dá Devuan sílẹ̀, èyí tí kò ní systemd. Títí dòní, ó dùn mí pé àwọn ènìyàn tó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn tọrẹ fún gbogbo ayé ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí.

Ẹ̀rù àwọn alátakò kì í ṣe asán pátápátá. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, ẹnjiníà kan, Andres Freund, ṣàkíyèsí pé ìwọlé sí sáfà láti ọ̀nà jíjìn nípasẹ̀ ssh fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó tú u wò, ó sì bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí ẹnìkan ti fi pamọ́ sínú xz, ètò tí wọ́n fi ń fún fáìlì pọ̀. OpenSSH, ètò tó ń ṣe iṣẹ́ ssh náà, fúnra rẹ̀ kò lo xz rárá. Àwọn tó ń ṣe Debian àti Fedora ló so ó mọ́ láíbúrárì systemd, kó lè máa sọ fún PID 1 pé òun ti ṣe tán. Láíbúrárì yẹn ló sì fa xz wọlé. PID 1 kò jẹ̀bi nínú èyí. Síbẹ̀, ọ̀nà tí olè fẹ́ gbà wọlé nìyẹn.

Ní tèmi, bí wọ́n bá ní kí n to sáfà ilé-ìwé kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, systemd ni n óò lò, torí ọ̀rọ̀ iná. Àmọ́ n kò ní sọ pé òun nìkan ló lè ṣe é: àwọn ètò mìíràn bíi runit àti s6 náà ń ṣọ́ ètò tó wà lábẹ́ wọn, tí wọ́n sì ń gbé e dìde bó bá ṣubú. Fún láptọ̀ọ̀pù tí mẹ́mọ̀rì rẹ̀ kéré, antiX, irú Linux kan tí kò lo systemd, dára láti dán wò. Àmọ́ mo fura pé ojú iṣẹ́ rẹ̀ tó fúyẹ́ ló ń mú un yá ju PID 1 rẹ̀ lọ.

Ní ti ìkéde tuntun yìí, kò sí ìdí láti sáré. Debian 13, tó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ṣì ń gba ìwé àṣẹ àtijọ́. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó bá ní sáfà tó ti pẹ́ ní láti ṣí fódà /etc/init.d, kó wo èyí tí òṣìṣẹ́ kan tó ti lọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ síbẹ̀. Ìwé systemd tí yóò rọ́pò rẹ̀ kì í ju ìlà bíi mẹ́wàá lọ, kí wọ́n má sì gbàgbé láti fi Restart=on-failure sí i. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi àṣẹ kill -9 pa ètò náà nígbà tí kò sí oníbàárà nílé, kí wọ́n sì wò ó bóyá yóò dìde.