Ìrora Ìgbọ̀nwọ́ àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Àrùn kan wà tí àwọn òyìnbó fi eré tẹ́nìsì sọ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ń dà láàmú kò gbá tẹ́nìsì rí. Ní 1873, nígbà tí Runge, dókítà ará Jámánì, kọ̀wé nípa rẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn tí ìwé kíkọ ń ni lára ni ó ń sọ. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa olùkọ́, nígbà náà. Ní Plateau, àdúgbò tí mo ń gbé ní Niamey, ẹnu àwọn akọ̀wé ìjọba àti àwọn alágbàfọ̀ ni mo ti sábà ń gbọ́ ọ.

Ìta ìgbọ̀nwọ́ ni ó ti ń dunni. Ibẹ̀ ni iṣan tí ń gbé ọrùn-ọwọ́ sókè ti so mọ́ egungun. Bí a bá di nǹkan mú, ìbáà ṣe ṣọ́ọ̀kì tàbí garawa, iṣan yìí ni kì í jẹ́ kí ọrùn-ọwọ́ yẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ju agbára rẹ̀ lọ, ìdí rẹ̀ a máa gbó bí okùn kànga.

Àwọn tí ń fi ìdárayá wo ara sàn, tí a ń pè ní kiné níhìn-ín, kì í ní kí a so apá rọ̀ láìṣiṣẹ́. Ẹ gbé apá lé tábìlì, kí àtẹ́lẹwọ́ dojú kọ ilẹ̀, kí ọwọ́ yọ kọjá etí tábìlì. Ẹ di ìgò omi kékeré mú. Ẹ fi ọwọ́ kejì ràn án lọ sókè, kí ọwọ́ tí ń dunni nìkan wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ní ìgbà 10 sí 15. Ẹ sinmi, kí ẹ tún un ṣe títí yóò fi di ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí ìrora rẹ̀ bá kù di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ dín omi kù. Ẹ má retí ìyàtọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan; ó lè tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 12.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni abẹ́rẹ́ kọtisóònù yá lára jù. Ní Ọsirélíà, wọ́n fi ènìyàn 198 dán ọ̀ràn yìí wò, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2006. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, àwọn tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ ni ó sàn jù, ṣùgbọ́n nínú 65 tí ara wọn ti yá, àrùn náà tún padà sí 47 lára. Òtítọ́ ni pé ní òpin ọdún, àwọn tí wọ́n kàn ní sùúrù bá àwọn tí ó ṣe ìdárayá dọ́gba. Ṣùgbọ́n alágbàfọ̀ tí apá rẹ̀ ń bọ́ ọmọ mẹ́ta kò lè fi ọdún kan dúró.

Bí ìka bá ń kú tipiri, tàbí tí ìgbọ̀nwọ́ wú lẹ́yìn ìṣubú, ọ̀ràn mìíràn nìyẹn. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ.