Swíìṣì: Oríta Ńlá Tó Wà L'Ékòó àti Èyí Tí À Ń Rà Sílé

Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, bí ẹnì kan ní Yábàá bá fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Sùúrùlérè, tí ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn méjèèjì ń lò kò sì jẹ́ ọ̀kan náà, lẹ́tà ọ̀hún kì í gba Ojúẹlẹ́gba lọ. Á kọ́kọ́ gba sátẹ́láìtì tàbí wáyà abẹ́ òkun lọ sí Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà, kó tó ṣẹ́rí padà wá sí Sùúrùlérè. Dọ́là ni wọ́n ń san fún àlọ, dọ́là ni wọ́n ń san fún àbọ̀. Ohun tó fà á ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ náà kò ní oríta kan tí wọ́n ti lè pàdé, kí oníkálukú gbé ẹrù ẹnì kejì fún un lójúkojú.

Oríta bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní IXP. Ti Nàìjíríà, IXPN, bẹ̀rẹ̀ ní 2006 pẹ̀lú àtìlẹ́yìn NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀, àti ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì. Èkó ló fi ṣe ibùjókòó, Muhammed Rudman ló sì ti ń darí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ tó ń wá èrè. Bí a bá sì bọ́ gbogbo orúkọ ńláńlá kúrò lára rẹ̀, swíìṣì ni ohun tó wà láàárín rẹ̀: àpótí oníhò tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀. Ẹ̀gbọ́n ni ó jẹ́ fún àpótí pẹlẹbẹ oníhò 5 tàbí 8 tí àwọn ọmọ ń bẹ àwọn òbí wọn pé kí wọ́n rà sílé, kí ẹni tó ń wo fíìmù àti ẹni tó ń ta géèmù má baà máa bára wọn jà. Iṣẹ́ kan náà ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò ń ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ẹni tó bá lóye ti Èkó kò ní ná owó ní ìnákúnàá lórí ti ilé rẹ̀.

Ẹ wo ti Lọ́ńdọ̀nù, LINX, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó tóbi jù láyé lónìí. Ilé-iṣẹ́ 5 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1994, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ń bá ara wọn sọ ń gba Amẹ́ríkà kọjá, owó ọ̀nà òkun náà sì wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Àpótí kékeré oníhò 8 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Mẹ́gábíìtì 10 péré ni ihò kọ̀ọ̀kan lè gbé láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Swíìṣì tó kéré jù lórí igbá ní Kọ̀ǹpútà Fílèjì n'Íkẹjà lónìí ju ìyẹn lọ fíìfíì.

Háàbù, àpótí oníhò tí wọ́n ń lò kí swíìṣì tó dé, àti swíìṣì jọ ara wọn lójú, ṣùgbọ́n ìwà wọn yàtọ̀. Háàbù dà bí akéde: ohun tó bá gbọ́ níbì kan, gbogbo ìlú ló ń ké e sí. Swíìṣì dà bí ìyá àgbà nínú agbo ilé, tó mọ ojúlé tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń sùn. Gbogbo ẹ̀rọ tó ń lo nẹ́tíwọ̀kì ló ní nọ́mbà ìdánimọ̀ tirẹ̀, bíìtì 48 ni gígùn rẹ̀. Bí tẹlifísọ̀n bá fọhùn láti ihò kẹta, swíìṣì á fi sọ́kàn pé ibẹ̀ ni nọ́mbà yẹn ń gbé. Láti ìgbà náà lọ, ihò kẹta nìkan ni yóò máa já ẹrù tẹlifísọ̀n sí, ẹni tó ń ta géèmù ní ihò kejì kò sì ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń wo fíìmù. Ilé-iṣẹ́ Kalpana ní California ló kọ́kọ́ ta swíìṣì fún Ethernet, ètò nẹ́tíwọ̀kì oníwáyà tí à ń sọ yìí, ní 1990, oníhò 7. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, Cisco ra ilé-iṣẹ́ náà.

Níbi tí oríta bá ti fìdí múlẹ̀, àǹfààní rẹ̀ máa ń hàn kíákíá, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló máa ń fẹ́ kí ó fìdí múlẹ̀. Ní Nairobi, wọ́n ṣí KIXP, oríta ti Kenya, ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2000. Telkom Kenya, tó ní àṣẹ àdáni lórí ọ̀nà òkèèrè, fi ẹjọ́ sùn pé ohun tí ó jẹ́ tòun ni wọ́n ń ṣe. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìjọba ti tì í pa. Oṣù kejì ọdún 2002 ni wọ́n tó tún un ṣí. Ọ̀rọ̀ tó máa ń gba mílísẹ́kọ́ńdì 200 sí 600 láti lọ láti ilé-iṣẹ́ kan sí òmíràn wá di ohun tó ń gba 2 sí 10. Ní ti wa, ìròyìn tí àjọ Internet Society gbé jáde ní 2020 sọ pé ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí àwọn ará Nàìjíríà ń lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń wá láti inú orílẹ̀-èdè wa ní 2012, àmọ́ ó ti di nǹkan bí 70 nígbà tí ìròyìn náà fi jáde. Google àti Facebook ti gbé ẹrù wọn wá sí tòsí wa. Ìyẹn kò ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀: àwọn tó ń bára wọn du oníbàárà ló gbà láti jókòó sí tábìlì kan.

Ìbéèrè tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń bi ara wọn nídìí oríta ńlá ni kí olúwarẹ̀ bi ara rẹ̀ kó tó ra ti ilé: ẹrù wo ló jẹ́ tilé, èwo ló jẹ́ tòkèèrè? Netflix fúnra rẹ̀ ní mẹ́gábíìtì 15 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ti tó fún àwòrán 4K. Ọ̀pọ̀ tẹlifísọ̀n olówó gọbọi ni ihò wáyà ara rẹ̀ kò ju mẹ́gábíìtì 100 lọ. Nítorí náà, kò sí swíìṣì tó lè mú àwòrán dán ju bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe gbé e wá lọ. Àmọ́ bí fíìmù bá wà lórí dísìkì nínú ilé, tàbí tí kọ̀ǹpútà inú yàrá ń gbé géèmù wá sórí tẹlifísọ̀n ní pálọ̀, ẹrù ilé nìyẹn, gígábíìtì ló yẹ ẹ́. Fáìlì gígábáìtì 100 á lo ju wákàtí méjì lọ lórí ihò 100. Lórí gígábíìtì, kò ní ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 lọ. Iye owó tó wà láàárín wọn kò sì tó ohun tí èèyàn ń ṣírò. Gígábíìtì 2.5 ńkọ́? Àfi bí ẹ̀rọ méjèèjì tó ń bára wọn sọ̀rọ̀ bá ní i.

Ẹ ka àwọn ẹ̀rọ yín, kí ẹ fi ihò kan kún un fún wáyà tó ń bọ̀ láti ara ráútà, torí pé ìyẹn ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé, kí ẹ sì fi ọ̀kan kún un fún àlejò. Swíìṣì tí kò nílò ètò kankan, tí wọ́n kàn ń ki wáyà bọ̀, ti tó fún ilé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé ki orí méjèèjì wáyà kan bọ inú rẹ̀ o! Ariwo tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í yípo níbẹ̀ lè mú gbogbo ilé dákẹ́, a ó sì máa wá ẹ̀bi lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Wáàtì díẹ̀ ni swíìṣì ń jẹ, nítorí náà ẹ so òun àti ráútà pọ̀ mọ́ ínfátà, kí NẸ́PÀ má baà gé fíìmù sí méjì.

Wáyà ló dùn mí jù. Mo ra èyí tí wọ́n kọ Cat6, orúkọ ìpele wáyà nẹ́tíwọ̀kì kan, sí lára lọ́wọ́ ọlọ́jà kan. Nígbà tí mo fi ọ̀bẹ ha okùn inú rẹ̀, funfun ló yọ: alumíníọ̀mù tí wọ́n kùn ní bàbà. Bàbà tòótọ́ máa ń pọ́n dénú. Cat5e, ìpele tó rẹlẹ̀ sí Cat6, tó bá jẹ́ bàbà gidi, lè gbé gígábíìtì dé mítà 100, ó sì sàn ju Cat6 ayédèrú lọ.

Fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta géèmù, mo fẹ́ sọ òtítọ́. Sáfà ọ̀pọ̀ géèmù ńlá wà ní Yúróòpù tàbí Gúúsù Áfíríkà. Wáyà abẹ́ òkun MainOne láti Èkó dé Potogí gùn ní nǹkan bí kìlómítà 7,000, ìmọ́lẹ̀ inú fíbà sì ń sá nǹkan bí kìlómítà 200,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àlọ àti àbọ̀ á gba nǹkan bí mílísẹ́kọ́ńdì 70, kò sí swíìṣì tó lè dín in kù. Ohun tí wáyà ń mú kúrò ni ìdúró-ìsáré Wi-Fi, níbi tí gbogbo ẹ̀rọ inú ilé àti ti aládùúgbò ti ń tò láti gba àyè sọ̀rọ̀. Lórí wáyà, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀, a máa sọ̀rọ̀, a sì máa gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí ẹ bá ti so gbogbo rẹ̀ tán, ẹ wo iná kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan. Lára ọ̀pọ̀ swíìṣì, àwọ̀ iná gígábíìtì yàtọ̀ sí ti mẹ́gábíìtì 100, ìwé inú páálí á sì sọ èyí tó jẹ́ èwo. Bí kọ̀ǹpútà tó ní gígábíìtì bá tan iná 100, ẹ má tí ì dá swíìṣì lẹ́bi. Ẹ pààrọ̀ wáyà ná.