Ẹgbẹ́ Òṣèlú Sósíálístì ti Àwọn Òṣìṣẹ́ àti Àgbẹ̀

Ẹgbẹ́ Òṣèlú Sósíálístì ti Àwọn Òṣìṣẹ́ àti Àgbẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ń jẹ́ Socialist Workers and Farmers Party, tí ìkékúrú rẹ̀ sì jẹ́ SWAFP, jẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú kọ́múnístì kékeré kan ní Nàìjíríà. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1963. Dókítà Túnjí Ọ̀tẹ̀gbẹ̀yẹ ni akọ̀wé àgbà rẹ̀. Ìjọba ológun fòfin dè é pẹ̀lú gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú yòókù ní ọdún 1966. Kò pé ọdún mẹ́ta láyé, kò sì ní ìjókòó kan ṣoṣo nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀. Síbẹ̀, àwọn kan nínú àwọn olórí rẹ̀ wà lára àwọn tí ó darí ìyanṣẹ́lódì gbogbogbòò ti ọdún 1964, èyí tí ó tóbi jù lọ tí Nàìjíríà tíì rí títí di ìgbà náà.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀

Èrò Marx ti wọ Nàìjíríà ṣáájú òmìnira. Àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ Zikist ń sọ ọ̀rọ̀ sósíálístì ní gbangba kí ìjọba amúnisìn tó fòfin de ẹgbẹ́ wọn ní oṣù kẹrin ọdún 1950. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn àwùjọ kéékèèké rú jáde, wọ́n sì tún túká. Ní ọdún 1954, ìjọba kéde pé òun kò ní gba àwọn tí a mọ̀ sí kọ́múnístì sí àwọn ipò pàtàkì nínú iṣẹ́ ọba.

Ọ̀tẹ̀gbẹ̀yẹ, ọmọ Ìlaròó tí a bí ní ọdún 1929, kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Ìbàdàn àti ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ó padà dé, ó di olórí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tí a ń pè ní Nigerian Youth Congress. Ẹgbẹ́ yìí àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn ni wọ́n gbógun ti àdéhùn ààbò tí Nàìjíríà bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe, títí tí wọ́n fi fagi lé e ní oṣù kìíní ọdún 1962. Àṣeyọrí yẹn fi Ọ̀tẹ̀gbẹ̀yẹ hàn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó lè kó èèyàn jọ. Láàárín irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ àti àwọn olórí òṣìṣẹ́ ni SWAFP ti rí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́.

Àjọṣe pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́

Agbára ẹgbẹ́ yìí kò sí ní ibùdó ìdìbò. Inú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni ó wà. Wahab Goodluck, ààrẹ Nigerian Trade Union Congress, àti S.U. Bassey, akọ̀wé rẹ̀, jẹ́ òpó méjì pàtàkì nínú SWAFP. Ẹgbẹ́ náà ní ìwé ìròyìn tirẹ̀, Advance. Ìṣọ̀kan Sófíẹ̀tì ni ó kọjú sí, àwọn alátakò rẹ̀ kò sì dẹ́kun láti fi èyí bú u.

Ní òpin oṣù kẹsàn-án ọdún 1963, tí Nàìjíríà ń múra láti di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kì í ṣe ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì ni olórí rẹ̀ mọ́, àwọn òṣìṣẹ́ yanṣẹ́ lódì lórí owó oṣù. Kí ayẹyẹ má baà bàjẹ́, ìjọba gbà láti yan ìgbìmọ̀ ìwádìí lábẹ́ Adájọ́ Adéyínká Morgan. Ìgbìmọ̀ náà dábàá pé kí owó oṣù tí ó kéré jù lọ ní Èkó jẹ́ pọ́n-ùn 12. Ìjọba jókòó lé ìwé náà. Nígbà tí ìpinnu rẹ̀ jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 1964, pọ́n-ùn 9 àti ṣílè 2 ni ó fọwọ́ sí, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró láti ọjọ́ kìíní oṣù náà. Michael Imoudu, Goodluck àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ni ó wà níwájú. Ojú irin, èbúté àti ilé iṣẹ́ ìjọba dákẹ́. Ọjọ́ kẹtàlá ni ìyanṣẹ́lódì náà parí, wọ́n sì fẹnu kò sí pọ́n-ùn 10.

Ìbò ọdún 1964 àti ilẹ̀ Yorùbá

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìṣẹ́gun yẹn ni ìdìbò àpapọ̀ dé. SWAFP kò rí ìjókòó kankan. Nigerian Labour Party, tí Imoudu àti Eskor Toyo dá sílẹ̀ lọ́dún kan náà, kò rí nǹkan kan. Bí àwọn alátìlẹ́yìn òṣìṣẹ́ ṣe pín ara wọn sí ẹgbẹ́ méjì wà lára ohun tí ó fà á, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Robert Melson, onímọ̀ ìṣèlú ará Amẹ́ríkà, fi ọ̀rọ̀ wá àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́nu wò nípa rẹ̀, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1971. Òṣìṣẹ́ púpọ̀ ni ó sọ pé àwọn fẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú òṣìṣẹ́, tí àwọn kan náà sì tún sọ pé ẹgbẹ́ tí ó jẹ́ ti ẹ̀yà àwọn ni àwọn wà fún. Ẹni tí ó tẹ̀lé Goodluck lórí owó oṣù lè padà sí ilé láti dìbò fún ẹgbẹ́ ìlú rẹ̀.

Ní Ìwọ̀-Oòrùn, àyè tilẹ̀ há ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ti gba orúkọ sósíálístì mọ́ ara rẹ̀ ní àpéjọ rẹ̀ ní Jos ní oṣù kejì ọdún 1962. Ọ̀fẹ́ ni ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1955. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1963, oṣù kan péré lẹ́yìn ìdásílẹ̀ SWAFP, ilé ẹjọ́ rán Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n. Láti ìgbà náà, ìjà ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ àti Dẹ́mọ́ ni ó gba ọkàn àwọn èèyàn.

Ọ̀rọ̀ "àgbẹ̀" inú orúkọ ẹgbẹ́ náà tún yẹ ní àkíyèsí. Nínú ìwé àwọn kọ́múnístì, àgbẹ̀ ni ẹni tí kò ní ilẹ̀, tí onílẹ̀ ń rẹ́ jẹ. Ṣùgbọ́n ní Ìgèdè, Ìyìn tàbí Adó-Èkìtì, àgbẹ̀ kòkó sábà máa ń dáko sórí ilẹ̀ ìdílé rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ń gba alágbàṣe. Ẹni tí ó ń bínú sí jẹ́ ẹni tí ó ń díye lé kòkó rẹ̀, ìyẹn ìjọba àti ilé iṣẹ́ tí ó ń rà á. Ìwé ìpolongo tí ó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa gbígba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀ yóò dún létí rẹ̀ bí ìhalẹ̀. Èdè ẹgbẹ́ náà bá òṣìṣẹ́ ojú irin mu ju bí ó ti bá olóko mu lọ.

Lẹ́yìn ọdún 1966

Ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún 1966, ìjọba Aguiyi-Ironsi tú ẹgbẹ́ òṣèlú 81 ká, SWAFP sì wà lára wọn. Àwọn olórí rẹ̀ kò dákẹ́ nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ títí di ọdún 1977, tí ìjọba ológun fi fòfin de olórí òṣìṣẹ́ mọ́kànlá, Imoudu, Goodluck àti Bassey láàárín wọn, pé wọn kò gbọdọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ mọ́.

Nígbà tí òṣèlú tún ṣí ní ọdún 1978, Ọ̀tẹ̀gbẹ̀yẹ dá Socialist Working People's Party sílẹ̀. Òfin tuntun béèrè pé kí ẹgbẹ́ òṣèlú fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀, ohun tí ó nira fún ẹgbẹ́ tí kò ní olówó lẹ́yìn. Ẹgbẹ́ márùn-ún péré ni àjọ elétò ìdìbò forúkọ wọn sílẹ̀, ti Ọ̀tẹ̀gbẹ̀yẹ kò sì sí nínú wọn. Imoudu bọ́ sínú People's Redemption Party ti Aminu Kano. Ọlá Òní, ọmọ Èkìtì tí ó jẹ́ olùkọ́ ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ní Yunifásítì Ìbàdàn kí ìjọba tó lé e kúrò ní ọdún 1978, ń bá iṣẹ́ sósíálístì lọ ní ọ̀nà tirẹ̀ títí ó fi kú ní oṣù kejìlá ọdún 1999. Ọ̀tẹ̀gbẹ̀yẹ kú ní ọdún 2009.