Ojú l'Ọ̀rọ̀ Wà: Íméèlì Nínú Ẹgbẹ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú l'ọ̀rọ̀ wà. Ní ìpàdé ẹgbẹ́, ẹni tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ a dìde, a kí alága, a sì júbà àgbà. Bí ohùn rẹ̀ bá le jù, àgbà kan a fi ojú bá a wí, òun náà a sì rẹ ohùn sílẹ̀.

Láti ìgbà tí a ti dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1945 ni ó ti hàn pé òkun kò dí ẹgbẹ́ lọ́wọ́. Lónìí, íméèlì ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ fi ń gbìmọ̀: ẹnì kan kọ ọ́, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ gbà á. Ó dára, nítorí ẹni tí ó jìnnà náà lóhùn sí ọ̀ràn. Ṣùgbọ́n kò sí ojú tí àgbà yóò fi báni wí nínú rẹ̀. Aáwọ̀ ẹni méjì a di ohun tí gbogbo ẹgbẹ́ ń kà. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ ti ń fọ́.

Àwọn baba ńlá Yorùbá náà ránṣẹ́ láìfojúkojú. Nínú àrokò, owó ẹyọ mẹ́fà ń sọ pé ọkàn ń fà síni. Mẹ́jọ ń sọ pé èrò jọra. Wọn a ro ọ̀rọ̀ wò kí wọ́n tó sín owó sí okùn.

Nítorí náà, kí ẹni tí ń kọ íméèlì sí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ kí àgbà. Kí ó jẹ́ kí ìbínú sùn mọ́jú. Kí ó sì gbé ẹjọ́ ẹnì kan tọ àgbà lọ ní kọ̀rọ̀. Ẹyin l'ohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́.