Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọ̀dọ́ Bá Wa Jókòó

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù,

Ní January 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ ìyá ọlọ́jà wá di ẹni tó mọ̀wé. Ẹ̀kọ́ ti wà láti ìgbà náà. Àyè ló kù.

Ní 2018, òfin tí wọ́n ń pè ní Not Too Young To Run ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀: ẹni ọdún 25 lè du ipò aṣòfin ìpínlẹ̀ tàbí aṣojú-ṣòfin l'Ábújá. Ọdún 30 ni tẹ́lẹ̀.

Ẹ gbọ́ ná: ẹni tó tó ṣòfin fún Nàìjíríà, ṣé kò tó bá wa jókòó nínú ìgbìmọ̀ ni? Àwọn ọ̀dọ́ wa ń dáwó lóṣooṣù, wọ́n ń ṣe onídùúró fún ara wọn. Ṣùgbọ́n bí ìpàdé bá dé, àga la ń ní kí wọ́n máa tò! Bí wọn kò bá mọ bí a ti ń yẹ ìwé owó wò lónìí, ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò lọ́la?

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ní ìpàdé ọdọọdún tó ń bọ̀, a bẹ̀ yín, ẹ dìbò fún ọ̀dọ́ méjì, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Kí àgbà máa tọ́ wọn sọ́nà. Ẹgbẹ́ wa kò ní parun o.